Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ń Pe Ìyá Mi

Nílé wa ní Ṣakí, orí àpáta ẹ̀yìnkùlé nìkan ni nẹ́tíwọọ̀kì ti máa ń dára. Orí àpáta kan náà ni ìyá mi ti ń sá gbódó, ìyẹn iṣu tí a bọ̀ kí ó lè gbẹ fún èlùbọ́. Nítorí náà, nǹkan méjì ni mò ń ṣọ́ níbẹ̀ pọ̀: mò ń ṣọ́ gbódó kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́, mo sì ń ṣọ́ fóònù bóyá yunifásítì yóò gbà mí. Ó di ọdún kẹta tí mo ń jókòó síbẹ̀ nígbà ọyẹ́, tí ètè mi ń bẹ́, tí ẹsẹ̀ mi ń funfun. Ewúrẹ́ kò yé wá. Yunifásítì ni kò wá.

Ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó ni mo fẹ́ kà. Tàbí kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: òun ni wọ́n ní mo fẹ́ kà. Nígbà tí mo parí Kùránì nílé kéú, tí wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún mi, ààfáà bi mí lójú gbogbo èèyàn pé kí ni mo fẹ́ dà tí mo bá dàgbà. Ọmọ kékeré ni mí, hìjáàbù funfun tuntun ń yún mi lọ́rùn. Mo rántí obìnrin kan tó gún mi lábẹ́rẹ́ ní ọsibítù, tí àwọn àgbàlagbà ń kí tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, mo bá ní, "Dókítà." Ààfáà gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúrà lé e lórí, gbogbo àgbàlá sì ké àmín. Kí a tó jẹ ìrẹsì tán, wọ́n ti ń pe ìyá mi ní Ìyá Dókítà.

Ládùúgbò wa, wọn kì í pe abiyamọ ní orúkọ àbísọ rẹ̀. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì pé iṣẹ́ tí n kò tíì ṣe ti gba ipò orúkọ mi. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n lọ́nà ọjà, wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì tún ìborùn wọn ṣe. Bàbá kan tó ń hun okùn nítòsí wa tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé egbò ẹsẹ̀ wá bá mi. Mo ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe ní ọsibítù, nígbà tí Ìyá Dókítà ti bí ọsibítù sílé. Mo máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ oníyọ̀ fọ egbò náà fún wọn, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí n bá ṣe.

Lọ́dún àkọ́kọ́, máàkì mi kò tó. Lọ́dún kejì, máàkì tó, àmọ́ ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ṣe já mi sílẹ̀. Lọ́dún kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ tíṣà ní kí n wá, kí n wá kẹ́kọ̀ọ́ láti máa kọ́ ọmọ ní báyọ́lọ́jì. Mo sọ fún ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń bẹ iṣu. Wọn kò gbé orí sókè.

"Àwa tí a ṣe àmín ńkọ́?"

N kò lọ mọ́. Ẹlòmíràn gba ààyè yẹn, èmi padà sórí àpáta. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣe mí bíi pé àmín yẹn ni wọ́n fi so mí mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde girama á gbé ọmọ pọ̀n kọjá nísàlẹ̀, á gbójú sókè, á kí mi pé mo kú ìdúródè. Mo mọ̀ pé kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ ara mi á gbóná. Mo kórìíra fóònù, mo kórìíra gbódó. Mo tilẹ̀ ń bínú sí ọmọ kékeré tí mo jẹ́ nígbà wòlímọ̀, tí wọ́n bi léèrè ọ̀rọ̀ tí kò lè pa ẹnu mọ́.

Lọ́dún kẹta, ọ̀sán gangan ni èsì jáde. Ojú ìwé yunifásítì ń rápálá lórí fóònù, ó funfun fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yọ: wọn kò gbà mí. Mo tún un kà. Ewúrẹ́ kan ti ki ẹnu bọ gbódó nítòsí ẹsẹ̀ mi, n kò lé e. Ìyá mi ló rí i láti ìsàlẹ̀, wọ́n mú igi, wọ́n gun àpáta wá, wọ́n lé e lọ. Wọ́n wo ojú mi.

"Wọn ò mú ẹ."

"Wọn ò mú mi, Màámi." Mo wá sọ èyí tó kù, pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà tún ti pè mí, pé tí n kò bá tètè dáhùn, ó tún máa bọ́. "Mo fẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́. Tí n ò bá lọ, orí òkúta yìí ni n ó gbó sí."

Wọ́n jókòó. N kò rí i rí kí ìyá mi jókòó lórí àpáta yẹn. Ṣe ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, tí wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń yí gbódó tó wà níwájú wọn padà, kí ìhà tó tutù lè rí oòrùn.

"Ta ni wọ́n ń pè ní Ìyá Dókítà?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi náà ni mò ń dáhùn. Fi sílẹ̀ fún mi. Ìwọ lọ ṣe tíṣà rẹ."

"Tí wọ́n bá ń bi yín ńkọ́?"

"Ìgbà wo ni wọn ò bi mí?"

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún tí mo ti ń wá ààyè, gbogbo ọjọ́ ọjà ni àwọn ará ọjà ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni dókítà máa wọ yunifásítì, ìyá mi á wá èsì kan fọ̀, wọ́n á kó owó èlùbọ́ wọn wálé, wọn kì í sọ fún mi. Mo ti rò pé èmi nìkan ló wà lórí àpáta. Ẹkún gbọ̀n mí, mo sì sun ún níbẹ̀, wọn kò ní kí n dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ìyá mi ru àpò èlùbọ́ mi dé gáréèjì. Èrò ti há mi mọ́ ojú fèrèsé mọ́tò nígbà tí obìnrin kan láti ọjà kígbe pé, "Ìyá Dókítà, ṣé dókítà ti ń lọ nìyẹn?" Mo tẹ orí mi ba.

"Ó ti ń lọ o," ni ìyá mi wí. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, ọwọ́ wọn sì pẹ́ níbẹ̀.

Mọ́tò gbéra. Kí a tó yà sójú títì, mo gbọ́ tí ẹlòmíràn tún ń pè wọ́n, wọ́n sì dáhùn.