Ọ̀rọ̀ Tó Bọ́ Mọ́ Bàbá Rọra Lórí

Bàbá Rọra ni àwọn ọmọ iléèwé sọ ọ́, nítorí ohun tó máa ń wí fún àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lójoojúmọ́: "Ẹ rọra, ọmọ ọlọ́mọ ni." Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ náà, kò fi ha ògiri rí. Ẹ wá wo ayé! Òun gan-an ni ọlọ́pàá ojú pópó dá dúró pé ó ń sá eré àsápajúdé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ń yà á sílẹ̀!

Owó ìtanràn kọ́ ló ń dẹ́rù bà á. Ọ̀gá iléèwé ti kìlọ̀: awakọ̀ tí kóòtù bá dá lẹ́bi, tàbí tó bá sùn lẹ́wọ̀n, ì báà ṣe alẹ́ kan, kò ní gbé ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá Rọra ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn, kò tiẹ̀ fẹ́ mọ̀.

Àbúrò ìyàwó ẹ̀, tó jẹ́ lọ́yà, rí ìwé ìpẹ̀jọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹjọ́ ìdọ̀tí àti ariwo àdúgbò ni òfin ní kí kóòtù kékeré yẹn máa gbọ́. Kò láṣẹ lórí ẹjọ́ ọkọ̀. Bí wọ́n bá pè yín kí n tó dé, ẹ ṣáà ní, 'Olúwa mi, kóòtù yìí kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ yìí.' Kí ẹ dákẹ́. Ó parí."

Ó kọ́ ọ sórí. Ó ń sọ ọ́ níwájú dígí, ó ń sọ ọ́ nínú balùwẹ̀, títí ìyàwó ẹ̀ fi ní, "Ó tó o, balùwẹ̀ náà ti gbọ́ pé òun ò láṣẹ."

Lọ́jọ́ ẹjọ́, èrò kún yàrá náà fọ́fọ́, fáànù kan ṣoṣo ń ké lókè orí adájọ́. Lọ́yà ò tíì dé tí wọ́n fi pe Bàbá Rọra. Adájọ́ náà, ọmọ tó lè bí, ò tiẹ̀ gbójú sókè. "O jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"

Bàbá Rọra la ẹnu. Ó wá "àṣẹ" títí, kò rí i. Ohun tó wá sí i lẹ́nu ló sọ.

"Olúwa mi, ẹ ò lágbára ẹ̀!"

Háà! Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí ọmọdé fi ń ko ara wọn lójú nídìí eré ni àgbàlagbà gbé ko adájọ́ lójú! Bàbá Rọra ń ju ọwọ́: "Rárá o, sà, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà ni!" Ta ló ń gbọ́? Ẹnìkan ti ń pòwe lẹ́yìn pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Mi ò lágbára ẹ̀?" Adájọ́ wí i jẹ́jẹ́. "A ó wò ó."

Ìgbà yẹn ni lọ́yà sáré wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ṣàlàyé òfin. Adájọ́ kà á, ó mi orí. "Òótọ́ ni. Kóòtù yìí kò láṣẹ lórí ẹjọ́ ọkọ̀. Mo fagi lé e."

Bàbá Rọra ti ń dọ̀bálẹ̀ láti dúpẹ́.

"Ṣùgbọ́n kò sí kóòtù tí kò láṣẹ lórí ẹni tó bá tàbùkù ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́wọ̀n." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ mú un lọ, kó lọ wò ó bóyá mo lágbára ẹ̀."

Ìkà èèyàn! Ẹnu tó fi tú u sílẹ̀ náà ló fi dè é.

Nígbà tó jáde, wọ́n ti fá orí ẹ̀ kodoro. Kò tíì délé tó fi kọrí sí iléèwé, ìwé tó fagi lé ẹjọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀gá iléèwé kà á, omi lé sí i lójú.

"Bàbá, mo mọ̀ yín. Àmọ́ ẹ ti sùn lẹ́wọ̀n, àwọn òbí sì ti gbọ́."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, màdáàmù."

"Mo ti bẹ̀ wọ́n. Mi ò lágbára ẹ̀, bàbá."

Lóde, bọ́ọ̀sì ẹ̀ já jáde ní géètì pẹ̀lú eré burúkú, awakọ̀ tuntun ló wà nídìí ẹ̀. Àwọn ọmọ rí i láti ojú fèrèsé, wọ́n ń pariwo, "Bàbá Rọra! Bàbá Rọra!" Bàbá Rọra la ẹnu, ọ̀rọ̀ tó wá tì lọ́jọ́ yẹn sì jáde wẹ́rẹ́.

"Àṣẹ," ló wí. "Àṣẹ ni wọ́n ń pè é, màdáàmù."