Orin Ọ̀fun Tó Ń Fẹ́ Ẹni Méjì

Grandma di ìgùnpá mi méjèèjì mú, wọ́n sún mọ́ mi débi pé mo ń gbóòórùn tíì àti ẹja lẹ́nu wọn. Ohùn kan wá jáde láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun wọn, ó ń kùn bí ayùn tó ń rẹ́ pákó. Bí wọ́n bá ti mí, èmi á fi ohùn tèmi dí àlàfo náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lé ara wa títí ẹ̀rín fi pa mí.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín! Mo ti nà ọ́!"

Grandma ni mo ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò bára wa tan. Inuit ni wọ́n, láti ilẹ̀ yìnyín ní àríwá Kánádà. Ọkọ wọn, Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ló mú wọn wá sí Yarnton Way, ní Thamesmead nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó tó kú. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà lẹ́yìn ilé-ìwé tí ìyá mi bá ń ṣe iṣẹ́ carer, ìyẹn títọ́jú àwọn arúgbó, ní Woolwich. Obìnrin méjì ló ń kọ orin ọ̀fun yẹn lójúkojú, ọ̀kan á ṣíwájú, èkejì á tẹ̀lé. Ní gbogbo Thamesmead, èmi nìkan ni wọ́n rí bá kọ ọ́.

Àwọn ará ilé wa ń pè wọ́n ní Mama China. Irọ́ ni. Aládùúgbò tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń bú ramúramù látàárọ̀ ló ń gbá ògiri pé orin wọn ń pariwo. Ìwà ìrẹ́jẹ nìyẹn náà.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi tètè dé, ó bá mi níbi tí mo ti ń kùn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Kí ló wọ ọmọ mi lára?"

"Mummy, a kàn ń play ni!"

"Play? Báyìí ni wọ́n ṣe ń play? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, jàre!"

Ó yọ òróró àdúrà nínú báàgì. Ó ta á sí mi lórí, ó ta á sára fíríìjì, ó sì dà á lé ère béárì tí Grandma fi òkúta gbẹ́. Grandma gbé béárì náà, wọ́n rọra fi àtẹ́lẹwọ́ pa òróró náà wọ̀ ọ́ lára. Òkúta tó ti funfun bí eérú di dúdú, ó ń dán.

"Ẹ ṣeun gan-an ni," ni wọ́n wí. "Òróró la fi ń parí iṣẹ́ ère lọ́dọ̀ tiwa náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ta díẹ̀ sí ẹyẹ òkúta yìí náà."

Ìyá mi fẹ́ lejú, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó di Sunday, ìyá mi sọ ọ́ fún pásítọ̀. Pásítọ̀ tí kò gbọ́ orin náà rí sọ pé ohùn òkùnkùn ni. Kò béèrè nǹkan kan. Láti ọjọ́ kejì, after-school club ni ìyá mi ń fi mí sí. Mo mọ ẹ̀rù ìyá mi, obìnrin tó ń dá tọ́mọ nílùú onílùú, mo sì ti dárí jì í. Ẹni tó dájọ́ ohun tí kò gbọ́, mi ò tíì rí ìdí tí màá fi dárí ji òun.

Kí n tó wọ secondary school, ọmọ Grandma wá mú wọn padà sí Kánádà. Wọ́n ti ṣèlérí pé tí mo bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé, àwọn á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣíwájú. A ò débẹ̀.

Lónìí, tí mo bá ń dúró de train ní Woolwich Dockyard, ọ̀fun mi á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Á kùn, á dákẹ́ níbi tó yẹ kí ohùn wọn wà, á tún kùn. Mi ò jẹ́ fi nǹkan kan dí àyè yẹn.