Ẹnìkan Tí Lorene Kò Bá Sọ̀rọ̀

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Lorene Vavra fi gbé ìbọn ṣọ́ ilé-iṣẹ́ iná núkílíà Tarbox Bend, létí odò Missouri, kí orúnkún rẹ̀ tó dá a dúró. Nígbà òtútù tó kọjá, ó ṣubú nínú eré ìje tí gbogbo ẹ̀ṣọ́ ń sá lọ́dọọdún láti fi hàn pé ara wọn ṣì le. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Harlan Rusk, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, pè é sí ọ́fíìsì.

"Lorene, àwọn aṣojú ìjọba ń bọ̀ lóṣù karùn-ún. O mọ bó ṣe máa ń rí."

Ó mọ̀ ọ́n dunjú. Lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń kó àwọn géńdé wá láti ṣe bí ọ̀tá tó fẹ́ gba ilé-iṣẹ́ náà. Ìbọn wọn ń ró bí ìbọn gidi, ṣùgbọ́n kò ní ọta nínú. Ìtànṣán iná ló ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó bá sì bà ti "kú" nìyẹn.

"Ibo lẹ fẹ́ kí n dúró sí?"

"O ò ní jà lọ́tẹ̀ yìí. Ìwọ lo máa múra àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sílẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé eré ni, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa jókòó sí, kí wọ́n má sì sáré."

"Ẹ sọ mí di tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi."

"Tíṣà tó gbóná lójú ni mo fẹ́," Rusk dá a lóhùn.

Ó dun Lorene wọra. Síbẹ̀, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Ó wọ ẹ̀wù pénpé aláwọ̀ ìyeyè, àmì ẹni tí kò sí nínú ìjà, ó sì ń lọ láti yàrá dé yàrá. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá ló ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà, ọ̀kan tó ń jẹ́ Dwight nawọ́. "Lorene, tí wọ́n bá pa mí lọ́jọ́ náà, ṣé mo lè máa lọ sílé?"

"Tí wọ́n bá pa ọ́, wàá nà gbalaja síbẹ̀ di aago márùn-ún. Ṣebí bó o ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ó yà á lẹ́nu pé inú òun náà dùn díẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, orúnkún rẹ̀ wú. Sítọ́ọ̀ irinṣẹ́ nìkan ló kù. Gene Pospisil, ọ̀gá sítọ́ọ̀, wá bá a pẹ̀lú ìwé tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti buwọ́ lù pé àwọn ti gbọ́ ìkìlọ̀ náà.

"Twyla Benes ńkọ́? Ṣebí ó ṣì wà nílé, tó ń tọ́jú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí?"

"Ọjọ́ Ajé ló ń padà. Màá sọ fún un. Mo ti bá a buwọ́ lù ú."

Lorene wo ìwé náà. Ọwọ́ Gene ni, kò fara sin. Ó ronú nípa ọ̀nà jíjìn tó lọ sí sítọ́ọ̀, ó sì fi ìwé náà sínú fáìlì.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ìdánrawò kí àwọn aṣojú ìjọba tó dé. Ohùn kan kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé eré ni, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní sítọ́ọ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, Gene sì ti gbàgbé láti sọ fún Twyla. Twyla nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìbọn. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí ọkùnrin kan tó fi aṣọ dúdú bojú tó ń sáré kọjá. Ó rápálá sẹ́yìn àwọn páìpù, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Curt, ọkọ rẹ̀: "Wọ́n ń yìnbọn níbí. Bá mi tọ́jú ọmọ."

Curt ń gbin àgbàdo lóko tí kò ju máìlì méje lọ. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìbọn ọdẹ rẹ̀, ó sì tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀bá géètì òde ni Lorene wà nígbà tó rí eruku. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì tó wà níbẹ̀ kò sí nínú eré. Ọta gidi ló wà nínú ìbọn tiwọn. Curt bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì na ìbọn sí i.

"Jù ú sílẹ̀!"

"Ìyàwó mi wà nínú ibẹ̀!"

Lorene kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e. Ó ti wà láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lókè.

"Curt! Èmi ni, Lorene. Twyla wà láàyè. Eré ni, ìdánrawò ni."

"Irọ́ ni! Ó kọ̀wé sí mi!"

"Ó kọ ọ́ torí mi ò sọ fún un. Èmi ló yẹ kí n sọ, mi ò sọ. Wò mí, Curt. Ṣé màá dúró báyìí ká ní wọ́n ń pa ènìyàn nínú ilé?"

Ó wò ó. Ó gbé ìbọn sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jókòó sínú eruku, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n dá gbogbo eré dúró. Nírọ̀lẹ́, Rusk ní, "Gene ló buwọ́ lù ú. Gene ni ìwé ìkìlọ̀ máa lọ bá."

"Mo mọ̀ pé ọwọ́ Gene ni, mo sì gbà á. Ẹ kọ orúkọ tèmi mọ́ ọn."

Ìwé ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún àwọn méjèèjì. Àwọn ọlọ́pàá gba ìbọn Curt fún oṣù kan, wọn ò sì pè é lẹ́jọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Lorene gbé àwo kolache kan, àkàrà dídùn tí wọ́n fi èso sí láàárín, lọ sílé wọn. Twyla ṣílẹ̀kùn, ọmọ lé e léjìká. Kò ní kó wọlé.

"Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án rèé," ni Twyla wí. "Mo wà lẹ́yìn páìpù, mò ń ronú ẹni tó máa tọ́ ọ. Ṣé ẹ mọ bó ṣe rí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé o ò gbọ́, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé o gbọ́. Mi ò ní àwáwí kankan."

Twyla gbé ọmọ náà sí èjìká kejì. "Ẹ wọlé," ó ní níkẹyìn. "Afẹ́fẹ́ yìí ń fẹ́ ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Ajé, Lorene tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Olúkúlùkù ló ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ sí i létí. Lọ́jọ́ kẹta, Twyla wá bá a.

"Ẹ ń sọ fún wọn pé 'ariwo díẹ̀.' Kì í ṣe ariwo díẹ̀. Ó ń wọ inú eegun."

"Wá bá mi sọ ọ́ fún wọn."

Ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Twyla sọ tirẹ̀ tán lọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dwight ṣí fìlà rẹ̀.

Àwọn aṣojú ìjọba dé lóṣù karùn-ún. Gbohùngbohùn sítọ́ọ̀ kéde ketekete, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Lorene jókòó ti Twyla nílẹ̀, lẹ́bàá àwọn páìpù. Twyla di ọwọ́ rẹ̀ mú gírí.

"Mo mọ̀ pé eré ni."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀."

Kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀ títí ohùn inú gbohùngbohùn fi ní ó ti parí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣẹ́gun, ẹnikẹ́ni kò sáré, ẹnikẹ́ni kò sì pe ilé. Rusk bi Lorene lọ́jọ́ kejì bóyá ó fẹ́ kí òun wá ẹlòmíràn fún iṣẹ́ náà. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún òun ní Twyla láti máa bá òun ṣe é.