Ìwé Ìwọ̀n Mi àti Apá Òsì Màámi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀. Ohun tí ojú mi rí lọ́dún yìí, mi ò lè dá a gbé mì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé télọ̀ ni mí ní Ìlobù, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Màámi ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Bí o bá kí wọ́n láàárọ̀, wọn á bi ọ́ léèrè ilé, ọkọ, ọmọ, títí dórí adìyẹ tí o ń sìn. Bí o bá wá béèrè tiwọn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni: "A dúpẹ́, ara le."

Gbólóhùn yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n!

Kókó kan ló yọ sí ọmú wọn òsì lẹ́yìn Kérésì. A gbé wọn lọ sí ọsibítù kan ní Òṣogbo, wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, èsì dé: jẹjẹrẹ.  Dókítà ní kí a fọkàn balẹ̀, a tètè rí i, iṣẹ́ abẹ ló kàn, àwọn á fi orúkọ Màámi sí lísìtì.

Lísìtì wo? Ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ padà wá. Ìgbà mẹ́rin ni a lọ, ìgbà mẹ́rin ni a padà sílé bí a ṣe lọ. Dókítà tí a bá lónìí kọ́ ni a máa bá nígbà mìíràn, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, èrò sì pọ̀ fún wọn. Kálukú wọn á ṣí fáìlì, á ní, "Màmá, báwo ni ara?" Màámi á rẹ́rìn-ín músẹ́: "A dúpẹ́, dókítà. Ara le. Ẹ kú iṣẹ́ o, ilé ńkọ́?" Dókítà á kọ nǹkan sínú fáìlì. Ó parí!

Nígbà kẹrin, mo gbaná jẹ. Mo pariwo débi pé àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì dìde. Dókítà fi sùúrù ṣàlàyé pé àwọn tí ara ń ni jù ni àwọn ń kọ́kọ́ ṣe, nítorí yàrá iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, Màmá sì ń sọ pé ara le. Ó yí fáìlì sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ìrora.

 Etí mi ni Màámi ṣe ń sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan fà mí lọ́wọ́ jáde. Ó ní òun gbọ́ pé Ìlobù ni a ti wá, pé ará Ìfọ́n ni òun.  Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú wa méjèèjì, ó ti pẹ́, ó sì ti dun ọ̀pọ̀ ilé. Mo sọ nínú ara mi pé ó tán, fáìlì Màámi máa lọ sábẹ́ pátápátá lónìí. Ẹ ò rí irú ọkàn tí mo ní?

Obìnrin náà ò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Ó bi mí pé ta ló ń rán aṣọ fún Màmá. Mo ní èmi ni. Ó ní ṣé mo ti tún aṣọ wọn ṣe láìpẹ́ yìí?

Ìgbà náà ni mo rántí. Màámi ti gbé búbà kan wá pé kí n bá àwọn tú apá òsì, ó ti ń fún. Mo tú u. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé òmíràn wá, apá òsì náà ni. Mo tiẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé iyán ti ń mọ́ wọn lára jù. Ṣé apá òsì nìkan ni iyán ń lọ ni? Èmi télọ̀!

Mo sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ìwọ̀n mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní apá èèyàn méjèèjì kì í sábà dọ́gba, nítorí náà n kì í wọn ẹyọ kan. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, ìwé yẹn ni kí o mú bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹnu tí o fi ń pariwo yìí, fi sílẹ̀ nílé. Ariwo kì í wọ fáìlì."

Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé náà. Aṣọ Kérésì: ọ̀tún ínṣì mẹ́tàlá, òsì mẹ́tàlá. Aṣọ Àjíǹde: òsì di mẹ́rìnlá. Búbà tí mo tú kẹ́yìn: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ojú mi ò rí i. Mo gbé orí lé máṣíìnì, mo sunkún.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màámi. Mo ní ṣé ó ń dùn wọ́n àbí kò dùn wọ́n? Wọ́n ní, "Dókítà kékeré yẹn kí mi dáadáa, ó béèrè àlàáfíà mi. Ṣé kí n wá da ìrora lé e lórí láàárọ̀? Ṣé bí a ṣe ń dáhùn ìkíni nìyẹn?"

Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ìkíni. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe!"

Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀. Mo rò pé ó ń kí mi ni." Wọ́n wá fi kókó mìíràn hàn mí lábẹ́ abíyá. Ọwọ́ òsì tí wọ́n máa ń fi di bọ́ọ̀dù mú bí wọ́n bá ń kọ̀wé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò lè gbé e kọjá èjìká mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì ará Ìfọ́n yìí kúnlẹ̀ kí Màámi lójú gbogbo èrò. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé mi lọ bá ọ̀gá àwọn dókítà. Ọ̀gá náà pè wá wọlé, ó bọ́ téèpù lọ́rùn mi, ó wọn apá náà fúnra rẹ̀. Mẹ́rìndínlógún! Ó ní apá tó ń wú yìí fi hàn pé jẹjẹrẹ náà ti ń ràn dé abíyá. Ó ní àwọn kàn béèrè ni, àwọn ò fọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò, kí Màmá má bínú. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn rẹ̀ pé bí ó bá pẹ́ sí i díẹ̀, ọ̀bẹ ò ní wúlò mọ́.

Mo ṣì ń bẹ nọ́ọ̀sì náà fún ohun tí mo rò nípa rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n. Ó máa ń yà kí wa bó bá ń lọ sí Ìfọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ̀rọ̀ Ìfọ́n láìdáa níwájú Màámi báyìí, wọn á ní kó lọ kúnlẹ̀ ní kọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé ìwé!

Màámi ṣì ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, dókítà ọ̀dọ́ kan béèrè pé, "Màmá, báwo ni ara?" Màámi ní, "A dú..."  Wọ́n wo nọ́ọ̀sì, wọ́n wò mí. Wọ́n nawọ́ sí apá òsì. "Ọmọ mi, ó ń dùn mí níbí."

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́! Dókítà ò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sínú fáìlì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi "a dúpẹ́" òbí yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ, ẹ wo ọwọ́ tí wọn ò fi gbé nǹkan mọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni àwọn òbí tiyín fi pa mọ́ fún yín rí, báwo lẹ sì ṣe mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa. Màá máa kà á bí mo ṣe ń dín apá búbà Màámi kù. Ínṣì mẹ́rìnlá ni mo bá apá òsì wọn láàárọ̀ yìí.