Ọjọ́ tí Bàámi Dọ̀bálẹ̀ fún Mi

Òórùn káfúrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàámi ti fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n ń gbọn agbádá sányán tí wọ́n fi gbé màámi níyàwó, èyí tí kì í kúrò nínú àpótí àfi ọjọ́ Iléyá. Lẹ́yìnkùlé, màámi ń yan gàrí, èéfín igi sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Nígbà tí Bàámi ní èmi ni màá wọ agbádá náà, màámi fi igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí sílẹ̀, wọ́n wá wo Bàámi bóyá ara wọn yá.

Ọba ni mo fẹ́ ṣe nínú eré òpin ọdún ilé ìwé wa ní Lálúpọn. Tíṣà wa ti dán àwọn ọmọkùnrin wò, ohùn wọn ò dé ẹ̀yìn kíláàsì. Tèmi tí mo fi ń pe màámi láti ìpẹ̀kun oko ẹ̀gẹ́ ló dé ibi tí wọ́n fẹ́. Inú gbogbo èèyàn kọ́ ló dùn sí i. Délé, tí wọ́n fi ṣe Ọ̀tún Ọba, ti ń sọ kiri pé òun ò ní dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin. Àwọn àgbà kan tilẹ̀ wá sọ fún Bàámi pé obìnrin kì í jọba. Bàámi dá wọn lóhùn pé, "Ẹyin ló ń di àkùkọ," wọ́n sì gbé ọkọ́ wọn, ó di oko.

Múrí, àbúrò mi, ni ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu nínú eré náà. Ó ti mú iṣẹ́ rẹ̀ ní òkúnkúndùn. Bí Bàámi bá ń kírun, ewúrẹ́ a máa ké lẹ́yìn wọn. Màámi ní bí kò bá sinmi, èèpo ẹ̀gẹ́ ni yóò fi jẹun alẹ́.

Kí a tó to bẹ́ǹṣì sábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ tán, Bàámi ti jókòó sí iwájú pátápátá. Nígbà tí Múrí rá jáde tòun ti ìrù okùn, Bàámi rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi bọ́. Gbogbo ẹni tó bá jókòó tì wọ́n ni wọ́n ń sọ fún pé, "Èmi ni mo bí ewúrẹ́ yẹn o."

Ó wá kàn mí. Agbádá ń gbálẹ̀, irùngbọ̀n òwú ń yún mi lágbọ̀n. Àwọn ìjòyè dọ̀bálẹ̀, ó ku Délé. Ó dúró gbọn-in bí òpó. Tíṣà ń fi ojú bá a wí, kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ó yẹ kí Ọ̀tún kí mi kí n tó lè sọ̀rọ̀, kò sì kí mi. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Omijé ń bọ̀ lójú mi, mo wo ojú Bàámi.

Wọ́n dìde. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku níwájú gbogbo ìlú.

"Kábíyèsí," ni wọ́n wí. "Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀."

Lẹ́yìn náà, bàbá kan tún dọ̀bálẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, títí ó fi kan bàbá Délé fúnra wọn. Wọ́n gbójú sókè láti ilẹ̀, wọ́n ní, "Délé, ṣé èmi bàbá rẹ ni màá bá ọ kí ọba?"

Délé ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì. Ẹ̀rín bú, àwọn ìyá ń ju gèlè sókè, ewúrẹ́ ń ké láìdákẹ́. Mo wá rí ohùn mi. Wọ́n ní àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́ nídìí ẹ̀rọ gbọ́ ọ nígbà tí mo ní kí àwọn ará ìlú mi dìde.

Bí a ṣe ń lọ sílé, Múrí wà léjìká Bàámi, wọ́n di ọwọ́ mi mú, gbogbo ẹni tí a bá pàdé ni wọ́n sì ń sọ fún pé kó kí ọba.

Mo ti dàgbà ju bí Bàámi ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ. Mo ti jókòó síbi eré àwọn ọmọ tèmi náà, mo ti pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ta mí, ṣùgbọ́n n kò tíì lè ṣe irú rẹ̀. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà rò pé eré ni bàbá òun ń bá òun ṣe. Èmi ìsinsìnyí mọ ohun tó ná ọkùnrin Lálúpọn láti fi àyà lélẹ̀ fún ọmọbìnrin tó bí, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá rántí, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń pa mí kí omijé tó dé.