Ọjọ́ Tí Èmi àti Sìdíkátù Lọ Wo Àwọn Onígìtá

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ojú irin láti Balbriggan, ìlú kékeré kan nítòsí Dublin, láàárọ̀ yìí, ó ń fi ìka ta okùn gìtá rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ó má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohùn gìtá náà ló gbé mi padà sí Abẹ́òkúta, sí yàrá Ràsákì, ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí tí ẹ ń rí gbogbo orin ayé lórí fóònù, ó lè ṣòro fún yín láti gbà pé àwo orin kan ṣoṣo la ní. Àbúrò bàbá Ràsákì, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ló mú un bọ̀. Orin rọ́ọ̀kì ni, ti àwọn òyìnbó kan tí irun wọn gùn dé èjìká. Nígbà tí ìyá Ràsákì kọ́kọ́ rí àwòrán wọn lára páálí àwo náà, ó béèrè pé àwọn ọmọbìnrin ilé ta nìyí, tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn dirun. Àwa kò bìkítà. A fi páànù bisikíìtì àti wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe gìtá, a sì ń kọ orin tí a kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Sìdíkátù, àbúrò Ràsákì obìnrin, máa ń fajú ro. Á ní ariwo wa ń fọ́ òun lórí, á sì jáde síta.

Ara Ràsákì kò le. Wọ́n bí àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó máa ń jẹ egungun mọ́ ọn ni. Bí ọyẹ́ bá dé, orí ẹní ló máa ń wà. Èmi á jókòó tì í, n ó máa fi orin tó gbẹ̀yìn àwo náà sí i, èyí tó ń lọ pẹ̀lẹ́, nítorí ó ní ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìrora dẹ̀ díẹ̀.

"Lọ́jọ́ kan," ó wí fún mi, "a ó fojú rí wọn."

Ọdún tí à ń múra ìdánwò àṣejáde ni ó kú, nínú ọyẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ létí ìyá rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo bá ara mi ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Mo wá bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe wá nígbà náà: mo tọrọ ààbò lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀, mo dúró títí wọ́n fi fún mi níwèé, mo sì rí iṣẹ́ ìmọ́tótó ní pápákọ̀ òfurufú. Owó ń ya wọ ìlú. Ibi tí ènìyàn bá yíjú sí, ilé tuntun ni wọ́n ń kọ́. Níbi ìrun ọdún ni mo ti pàdé Sìdíkátù, tó ti di ìyá ọlọ́mọ. Nígbà tí mo rí i nínú ìwé ìpolówó kan lára ògiri pé àwọn onígìtá wa ń bọ̀ wá ṣeré, òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín ni.

"Bọ̀dá," ó wí, "ẹ bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi náà."

Pápá gbalasa ni wọ́n ti ṣeré náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn kì í tètè wọ̀. Sìdíkátù dúró pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó oníjákẹ́ẹ̀tì awọ. Àwọn tó jáde sórí pèpéle kò jọ àwòrán tí mo mọ̀. Wọ́n ti darúgbó. Orí ọ̀kan ti pá, akọrin wọn sì ní láti jókòó. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí wọ́n wá mú orin pẹ̀lẹ́ yẹn, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Sìdíkátù ni. Níbi kan tí Ràsákì ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ òyìnbó náà pè, ibẹ̀ gan-an ni òun náà ti ṣì í pè.

Omijé bò ó lójú. Ìyá òyìnbó kan fún un ní tíṣù, ó ní, "You're grand, love," bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ pé kò séwu, ó sì yíjú padà síwájú.

"Tí ẹ bá ti lọ sílé," Sìdíkátù wí fún mi, "èmi ni mo máa ń jókòó tì í. Ó máa ń kọ ọ́ fún mi kí ẹ̀rù má baà bà mí."

Mo ti rò látẹ̀yìnwá pé èmi nìkan ni Ràsákì fi orin náà sílẹ̀ fún.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó sọ ibi tí a lọ, ó sì dárúkọ Ràsákì. Ìyá ní òun máa ń gbọ́ ohùn ọmọ náà láti yàrá kejì. Àdúà lòun rò pé ó ń gbà. Sìdíkátù kò ta kò ó.

Ìyá ti dágbére fáyé báyìí. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ dáwọ́ dúró nígbà tí nǹkan le, ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ dé ti kó lọ sí ìlú mìíràn, àwọn onígìtá náà kò sì ṣeré mọ́. Àwọn ọmọ Sìdíkátù gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi ń dáhùn. Síbẹ̀, a kì í fi orúkọ Ràsákì pamọ́ nílé wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbígbẹ̀yìn Sìdíkátù wá bá mi nínú kíṣìnì, ó béèrè nípa Ràsákì pé, "Uncle, was he funny?"

Mo ní kó jókòó.