Sàréè Bàbá Ìyá Mi Létí Odò Ògùn

Ká ní ìyá mi ṣì lè rìn ni, n kì bá ti bá àwọn ọmọ yẹn lọ rárá. Àwọn ọ̀dọ́ Yábàá tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n, wọ́n háyà bọ́ọ̀sì pé àwọn fẹ́ lọ kọ́ ìtàn ní àfonífojì odò Ògùn, níbi tí àwọn ìlú àtijọ́ ti di ahoro. Ọ̀kan nínú àwọn ahoro náà ni ìlú ìyá mi; ìgbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọdé ni àwọn tó kù níbẹ̀ ṣí kúrò. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, Múṣin ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti bẹ̀ mí títí pé kí n lọ wò ó bóyá sàréè bàbá àwọn ṣì wà, kí àwọn tó kú.

Láti Ojúẹlẹ́gbà ni inú ti ń bí mi. Tíṣà ìtàn ni mí, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Sùúrùlérè kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn wọ̀nyí ò mọ ìyàtọ̀ láàárín yàrà àti gọ́tà. Nígbà tí a dé ìlú ìyá mi, tí mo ń ṣàlàyé bí àwọn baba wa ṣe gbẹ́ yàrà yí ìlú ká kí ogun má baà wọlé, fọ́tò ni wọ́n ń yà. Ọmọbìnrin kan tó kun èékánná rẹ̀ ní búlúù ló burú jù. Orí àpáta tí àwọn ìyá àtijọ́ ti ń lọ àgbàdo ló jókòó sí, ó ń fún ẹnu pọ̀ níwájú fóònù. Mo pòṣé. Mo ní òpè ni gbogbo wọn, mi ò sì rọra sọ ọ́.

Bàbá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ahoro náà. Mo sọ ohun tí mo bá wá fún un. Ó ní àwọn ajagungbalẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀ kí òun tó fi sàréè kankan hàn án.

“Ẹ ki ara yín ká gbọ́,” ló wí.

Mi ò mọ̀ ọ́n. Láràárọ̀ ni ìyá mi máa ń ki mi nígbà tí mo wà ní kékeré, ti ilé bàbá mi àti ti ilé bàbá tiwọn. Èmi a fa aṣọ borí, mo kà á sí ariwo ará oko. Mo wá ń sọ fún bàbá pé tíṣà ìtàn ni mí. Bàtà mi ló ń wò.

Ọmọbìnrin eléèékánná búlúù dìde. “Dádì, ṣé Màmá mọ̀ ọ́n? Ẹ jẹ́ ká ṣe fídíò kọ́ọ̀lù.”

Mo fún un ní nọ́ńbà àbúrò mi tó ń tọ́jú ìyá mi. Bí ìyá mi ṣe gbọ́ ohun tí bàbá ń fẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì náà láìsinmi. Bàbá ṣí fìlà. Kò dúró kí wọ́n parí kó tó gbé àdá, kó sì máa la igbó lọ. Ọmọbìnrin náà gbé fóònù tẹ̀ lé e, èmi ni mo gbẹ̀yìn.

Sàréè ṣì wà, òkìtì kékeré lábẹ́ igi osè. Ìyá mi sunkún. Wọ́n ní orúnkún àwọn ò gbé àwọn mọ́, kí ọmọ dáadáa tó mú fóònù dání bá àwọn kúnlẹ̀ kí baba àwọn. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun. Ìyá mi ń ṣàdúrà fún un bí ẹni ń ṣe é fún ọmọ. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú ń tì mí, kò sì sẹ́ni tó béèrè mi.